Adìẹ Tí Kò Tàpá

Ní Coal Camp, ní ìlú Enugu, adìẹ kì í kú nígbà ọyẹ́. Títà ni wọ́n máa ń tà á. Bí àrùn lùkúlùkú bá ti wọ àdúgbò, tí adìẹ kan sín lẹ́yìn ilé ẹnì kan, gbogbo ìyàwó ilé tó ń sin adìẹ á di oníṣòwò kí ilẹ̀ tó ṣú. Adìẹ tó ń tòògbé lórí ìdúró láàárọ̀ á di adìẹ ọjà lọ́sàn-án, á di ọbẹ̀ lálẹ́, ẹni tó fowó rẹ̀ jẹ ẹ́ kò sì ní béèrè ibi tó ti wá. Gbogbo ènìyàn ló mọ̀. Gbogbo ènìyàn ló sì ń bú ẹlòmíràn pé òun ló ń ṣe é.

Alárápé, ìyàwó Ìyàndá tó ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù rélùwéè tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ojú irin ṣe, ti bú wọn títí. Ó bú wọn lẹ́nu ẹ̀rọ omi, ó bú wọn nígbà tí àwọn obìnrin mọ́sáláṣí bá ṣe ìpàdé. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ tí à ń wí yìí, nígbà tó ṣí ilé adìẹ tí ọkọ rẹ̀ fi pákó àti páànù kàn mọ́ ẹ̀yìn ilé ìdáná, àkùkọ ńlá kò kọ. Ó wà ní igun, ó ki orí bọ abẹ́ apá. Ìgbẹ́ rẹ̀ dà bí omi ewé tí wọ́n rún. Àwọn àgbébọ̀ tó kù dúró káàkiri, wọ́n wú ìyẹ́ sókè, bí ẹni tó gbàgbé ohun tó fẹ́ sọ.

"Bàbá Sàrátù, ẹ wá wo nǹkan."

Ìyàndá jáde pẹ̀lú pákò lẹ́nu. Ó wo ilé adìẹ, ó wo ìyàwó rẹ̀, ó tu itọ́ pákò sílẹ̀.

"Mo sọ fún ọ."

"Kí lẹ sọ fún mi?"

"Pé kó o tà wọ́n lọ́jọ́ tí adìẹ Màmá Ùchè bẹ̀rẹ̀ sí í sín. O ní o kì í ṣe irú ẹni bẹ́ẹ̀. Irú ẹni wo wá ni ọ́ báyìí?"

"Ẹni tí kò ta àìsàn fún ọmọ ọlọ́mọ."

"Ó dáa. Máa bá a lọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kó o wá ẹni tí yóò dúńbú wọn kí wọ́n tó kú dànù. Àgbàdo tí wọ́n ti jẹ nílé yìí látìgbà òjò, mi ò rà á fún ilẹ̀."

"Ẹ dúńbú wọn nígbà náà. Ọ̀bẹ wà nílé."

"O ò gbọ́ fèrè ni?"

Fèrè ṣọ́ọ̀bù ti ń ké lóòótọ́. Ẹni tó bá dé lẹ́yìn fèrè kejì, ẹnubodè ni yóò bá ní títì. Ìyàndá jókòó sórí àpótí, ó ń fi ìkánjú so okùn bàtà. Ìgbà náà ni ọmọ wọn, Sàrátù, tó wà nílé nítorí ìsinmi Kérésì, jáde tòun ti aṣọ ìbora lọ́rùn. Ó lọ tààrà síwájú ilé adìẹ.

"Daddy, ṣé ó máa kú ni?"

"Adìẹ wa kì í kú," ni Ìyàndá wí, kò gbójú sókè. "Oorun ló ń sùn. Ó rẹ̀ ẹ́ ni."

Ó gbé abọ́ oúnjẹ rẹ̀, ó lọ. Ó fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀ bí ẹni fi abọ́ tí kò fọ̀ sílẹ̀.

Ẹyin ni Alárápé ń tà. Àwọn ìyàwó akọ̀wé ló ń rà á, àti ilé ìtura kan lójú ọ̀nà ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Kò ní òwò mìíràn. Ó gún ata, ó pò ó mọ́ epo, ó ń rọ ọ́ fún àwọn adìẹ náà níkọ̀ọ̀kan, ó ń fi ìka ya ẹnu wọn. Sàrátù ní tirẹ̀ jókòó sílẹ̀ níwájú àkùkọ, ó gbá eékún mọ́ àyà, ó ń dúró dè é kó jí.

Nígbà tó ṣe, ó ní, "Màmá, he never wake o."

"Sọ Yorùbá."

"Kò tíì jí."

Alárápé yíjú padà. Àkùkọ ti ṣubú sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti nà tantan. Inú bí i, kì í ṣe sí adìẹ, kì í sì í ṣe sí ọmọ. Ìbá jẹ́ pé ọkùnrin yẹn gbé irọ́ tó pa lọ síbi iṣẹ́ pẹ̀lú abọ́ rẹ̀.

"Gbé ọwọ́ rẹ wá," ló wí fún ọmọ náà.

Ó mú àgbébọ̀ kan tí ara rẹ̀ ṣì le díẹ̀, ó fi ọwọ́ ọmọ náà sábẹ́ apá rẹ̀.

"Kí lo gbọ́?"

"Ó gbóná. Nǹkan kan ń sáré nínú ẹ̀."

"Ó dáa. Gbé e síbí." Ó fi ọwọ́ kan náà sábẹ́ apá àkùkọ, ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn nígbà tí ọmọ fẹ́ fà á kúrò. "Kí lo gbọ́?"

"Kò sí nǹkan kan."

"Ikú nìyẹn. Kì í ṣe oorun. Ẹni tó bá sùn á jí, èyí kò ní jí lónìí, kò ní jí lọ́la. Kò sí ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́, kò sì sí ibi tó rìnrìn àjò lọ. Ó ti tán."

"Ṣé a máa jẹ ẹ́?"

"Rárá. Ohun tó bá fúnra rẹ̀ kú, òkúǹbete ni. A kì í jẹ ẹ́, a kì í tà á, a kì í sì í fún ẹnikẹ́ni, kódà ẹni tí a kò fẹ́ràn. Èyí tí ọ̀bẹ bá bá láàyè nìkan ni oúnjẹ."

"Báwo la ṣe máa mọ̀?"

"Ṣebí ìwọ lò ń di ẹsẹ̀ wọn mú. Bí ọ̀bẹ bá kàn án, á tàpá lọ́wọ́ rẹ. Bí kò bá tàpá, kò sí nílé mọ́."

Ọmọ náà wo ọwọ́ rẹ̀. Wọ́n jùmọ̀ gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́bàá ìbẹ́pẹ, ilẹ̀ ọyẹ́ tó le bí òkúta, ọ̀bẹ oko sì ń ta padà. Màmá Ùchè, aládùúgbò wọn tí ọkọ rẹ̀ ń wa èédú ní Iva, na ọrùn lórí ọgbà.

"Iya Sara, na fowl you dey bury so?"

"E don die."

"And so? Na money you dey put for ground." Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kó mú àwọn tó kù wá, ọkọ òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ti iṣẹ́ òru dé, yóò bá a pa wọ́n kíákíá kí ó tó sùn. Kí ni wọ́n tún ń dúró dè?

Alárápé dúpẹ́, ó ní rárá, Mùsùlùmí ni yóò dúńbú ti àwọn. Màmá Ùchè mi orí. Adìẹ ń kú, àwọn kan ń wá ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Ìyẹn kò yé e rí, kò sì yé e lọ́jọ́ náà.

Ká sọ òtítọ́, kò yé Alárápé náà tán. Kò sí ẹni tó kà á fún un rí pé obìnrin kò gbọdọ̀ dúńbú adìẹ. Kò sí ìwé tí wọ́n ti kà á. Ṣùgbọ́n ní Ìṣẹ́yìn kò rí ìyá rẹ̀ kó ṣe é, ní Enugu kò rí obìnrin kankan kó ṣe é. Nítorí náà ó wé gèlè, ó fi ọ̀bẹ tó mú sílẹ̀ nílé, ó sáré wá ọkùnrin lọ, àwọn adìẹ sì ń kú dè é.

Ṣàmsúdéènì télọ̀ ló máa ń dúńbú ẹran fún àwọn Mùsùlùmí Yorùbá ní Coal Camp. Ó kéwú díẹ̀ nígbà èwe, ó sì ní irùngbọ̀n tó pọ̀ ju kéwú náà lọ. Alárápé bá a láàárín aṣọ Kérésì àwọn ènìyàn, ẹ̀rọ ìránṣọ ń kùn.

"Àlùfáà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀mí ń bọ́ lára wọn."

"Mò ń bọ̀. Jẹ́ kí n fi ọwọ́ aṣọ yìí mọ́ ọn."

"Àlùfáà, bí ẹ bá fi ọwọ́ mọ́ ọn tán, òkú lẹ máa bá."

"Ìyá Sàrátù, ìkánjú kì í ṣe tẹ̀sìn."

Ó fi ọwọ́ kan mọ́ ọn, ó fi ìkejì mọ́ ọn, ó tún wá ẹni tí yóò máa ṣọ́ ẹ̀rọ. Nígbà tí wọ́n dé ilé, Sàbúrátù onírẹsì ti jókòó sórí odó nínú ọgbà, apẹ̀rẹ̀ ńlá níwájú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ilé tí lùkúlùkú wọ̀ ní Coal Camp, kó máa tẹ̀lé Sàbúrátù lẹ́yìn. Ó ń ta ìrẹsì ní Ogbete, àwọn Mùsùlùmí inú ọjà kì í sì í jẹun níbòmíràn, nítorí wọ́n ní ẹran rẹ̀ mọ́.

"Mo ní kí n yà kí yín," ni Sàbúrátù wí.

"Ta ló rán yín?"

"Ọyẹ́ ni. Gbogbo wọn ni mò ń kó o, èyí tó dúró, èyí tó jókòó. Ṣáà jẹ́ kí Àlùfáà fọwọ́ kàn wọ́n. Iná kì í béèrè irú àìsàn tó ṣe adìẹ."

Láàárọ̀ ni Alárápé sọ fún ọkọ rẹ̀ irú ẹni tí òun jẹ́. Ó wo ilé adìẹ: ẹyin tí kò ní sí ní ọjọ́ ajé, òwò tí kò ní sí lẹ́yìn ọdún. Adìẹ bà lókùn, ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìẹ. Sàbúrátù dìde, ó tú etí ìró, ó fi owó gbogbo adìẹ náà lé orí odó níbi tí gbogbo wọn ti lè rí i.

"Sàrátù," ni Alárápé pè. "Wá di ẹsẹ̀ mú."

Àkọ́kọ́ tàpá títí ó fi ya ọmọ náà léèékánná. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ta sí aṣọ Ṣàmsúdéènì, ó sì bínú. Èkejì tàpá díẹ̀, ó gbọ̀n, ó dákẹ́. Ẹ̀kẹta ni àgbébọ̀ dúdú tí Sàrátù sọ ní Sístà, nítorí pé ó máa ń tẹ̀lé e lọ sí ẹnu ọ̀nà bó bá ń lọ sí ilé ìwé. Ìyá rẹ̀ ti bá a wí lórí orúkọ yẹn, pé ẹni tó bá sọ oúnjẹ lórúkọ, ebi ni yóò pa á. Sàrátù gbé e jáde fúnra rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀, ó di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Ṣàmsúdéènì ní Bísímílà, ó fi ọ̀bẹ kọjá.

Ọmọ náà kò tú ọwọ́ sílẹ̀.

"Kò tàpá," ló wí.

"Fi sílẹ̀, gbé òmíràn wá," ni Ṣàmsúdéènì wí.

"Kò tàpá. Ẹsẹ̀ ẹ̀ tutù. Màmá, he no kick."

"Ó tàpá. Ọwọ́ ọmọdé ni kò mọ̀ ọ́n," ni Ṣàmsúdéènì wí.

"Ọmọ ilé ìwé," ni Sàbúrátù wí, ó ń rẹ́rìn-ín. "Wọ́n á máa bá àgbà jiyàn bí tíṣà. Ìyá Sàrátù, ẹ sọ̀rọ̀, ṣebí ẹ̀yin náà ń wò ó."

Alárápé ń wò ó. Ó ń wo ilẹ̀ lábẹ́ ọrùn àgbébọ̀ náà, ilẹ̀ náà sì gbẹ. Bí ó bá ní kò tàpá, ó ti pe Àlùfáà ní onírọ́ nìyẹn, ta ni yóò sì bá wọn dúńbú ẹran iléyá? Sàbúrátù yóò kó owó rẹ̀ padà. Màmá Ùchè yóò na ọrùn lórí ọgbà. Ojú ọmọ náà kò kúrò lára rẹ̀.

"Ó tàpá," ni Alárápé wí.

Sàrátù tú ọwọ́ sílẹ̀. Kò sunkún. Ó lọ gbé òmíràn wá bí wọ́n ṣe ní kó ṣe, ó di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, bẹ́ẹ̀ ló ṣe títí wọ́n fi pa èyí tó kẹ́yìn.

Ìṣe wọn ni pé ẹni tó dúńbú yóò mú ọ̀kan. Ṣàmsúdéènì tẹ̀ síwájú, ó wo gbogbo òkìtì náà, ó sì fa èyí àkọ́kọ́ yọ, èyí tó ya ọmọ léèékánná. Sàbúrátù kó ìyókù sínú apẹ̀rẹ̀, ó rù ú, ó lọ.

Nígbà tí oòrùn dé àárín ọ̀run, Alárápé tẹ ẹ̀bà, ó fi ọbẹ̀ ilá àti ẹja gbígbẹ sí i. Ó gbé e síwájú ọmọ rẹ̀. Sàrátù gbé ẹja náà sókè, ó yí i síbí, ó yí i sọ́hùn-ún.

"Màmá, ṣé eléyìí tàpá?"

"Ẹja ni. Jẹun."

"Ta ló dì í mú?"

"Mo ní kó o jẹun, Sàrátù."

Ó fi ẹja náà sí etí abọ́, ó ń jẹ ẹ̀bà pẹ̀lú ilá nìkan, jẹ́jẹ́, bí ọmọ tó gbọ́ràn. Kò béèrè ohun mìíràn. Ìbá béèrè, ìyá rẹ̀ ìbá lù ú, ọ̀rọ̀ ìbá tán. Alárápé jókòó títí ẹ̀bà tirẹ̀ fi dì. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó tú owó Sàbúrátù jáde níbi tó fi í sí, ó kó o sí etí ìró, ó na ọwọ́ sí ọmọ náà.

"Dìde. À ń lọ sí Ogbete."

Lójú ọ̀nà, eruku ọyẹ́ bo gbogbo nǹkan, ó mú kí ètè wọn ya. Nínú ọjà, wọ́n gba àárín àwọn onílẹ̀kẹ̀ àti àwọn oníṣu kọjá títí wọ́n fi dé abẹ́ páànù Sàbúrátù, níbi tí àwọn ènìyàn jókòó sí lórí àga gbọọrọ, tí wọ́n ń jẹun. Ṣéhù onílẹ̀kẹ̀ wà níbẹ̀, ẹni tí kì í kúrò ní ìlà iwájú ní mọ́sáláṣí. Kọ́lá, akọ̀wé rélùwéè kan, jókòó tì í. Ìkòkò ọbẹ̀ ń hó.

Alárápé rìn dé ẹ̀yìn ìkòkò, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, owó yín rèé. Ẹ fún mi ní àgbébọ̀ dúdú yẹn."

Sàbúrátù wò ó bí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé. Ó ṣí ìkòkò, ó ti ìgbákọ bọ̀ ọ́, ó rò ó kí Alárápé lè rí i dáadáa: ẹsẹ̀, ọrùn, igbá àyà, gbogbo wọn pupa bákan náà nínú epo, àwọn ti Coal Camp, àwọn ti Asata, ti ilé ta ló mọ̀.

"Èwo ni dúdú níbẹ̀? Mú un."

Alárápé kò lè mú un.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tà á mọ́ nígbà náà."

"Ẹ máa lọ sílé, Ìyá Sàrátù. Oòrùn ti pa yín."

"Kí ló ṣẹlẹ̀?" ni Ṣéhù béèrè láti orí àga. Itan adìẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Sàbúrátù ń wo Alárápé, Alárápé ń wo ọbẹ̀. Sàrátù tẹ̀ síwájú.

"Sístà no kick," ló wí.

"Kí ni ọmọ yìí ń sọ?" ni Ṣéhù tún béèrè.

"Ọ̀rọ̀ ọmọdé ni," ni Sàbúrátù wí. "Ìyá Sàrátù, ẹ sọ fún wọn pé ọ̀rọ̀ ọmọdé ni."

Alárápé fi ọwọ́ lé èjìká ọmọ rẹ̀.

"Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọmọdé. Adìẹ kan wà nínú ìkòkò yìí tó ti kú kí ọ̀bẹ tó kàn án. Kò tàpá, kò ṣẹ̀jẹ̀. Mo dúró tì í. Wọ́n bi mí, mo ní ó tàpá."

"Ìwọ náà lo tà á fún mi," ni Sàbúrátù wí, ọ̀wọ̀ ti bọ́ sọ nù nínú ohùn rẹ̀.

"Èmi ni mo tà á."

Ó ka owó náà sílẹ̀ lórí tábìlì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ iyọ̀. Kọ́lá akọ̀wé wo abọ́ rẹ̀, ó rọra tì í kúrò níwájú ara rẹ̀, ó nu ọwọ́, ó dìde. Ọkùnrin kan tẹ̀lé e. Àwọn tó kù ń wo Ṣéhù, nítorí òun ló dàgbà jù níbẹ̀, òun ló sì mọ kéwú jù.

Ṣéhù wo itan ọwọ́ rẹ̀. Ó wo àpò onírẹsì, níbi tí owó tó ti san tẹ́lẹ̀ wọ̀.

"Ariwo ọjà yìí pọ̀," ló wí. "Mi ò gbọ́ ohun tí obìnrin yìí ń sọ." Ó sì bu itan náà jẹ. Àwọn tó kù padà sí abọ́ wọn.

Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Alárápé mú ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n yí padà sí ọ̀nà ilé, níbi tí Ìyàndá yóò ti béèrè owó adìẹ lálẹ́, tí Àlùfáà yóò sì ti gbọ́. Wọ́n ti dé ìdí àwọn oníṣu kí Sàrátù tó sọ̀rọ̀, lédè Yorùbá, láìjẹ́ pé wọ́n rán an létí.

"Màmá, bàbá yẹn gbọ́. Kí ló dé tó ṣì ń jẹ ẹ́? Ṣé ebi ń pa á ni?"

"Ebi kọ́," ni ìyá rẹ̀ wí. "Owó tó ti san ló ń jẹ."